Káàdì Lórí Oko Kòkó

Ní ọ̀sán Sátidé, Wúràọlá wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ Fámúrewá, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó kí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

"Afọlábí, bàbá rẹ ńkọ́?"

"Gbénga ni o, Ìyá Máyọ̀wá. Afọlábí wà l'Ákùúrẹ́."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wúràọlá fọwọ́ kan àga kó tó jókòó níwájú Fámúrewá nídìí tábìlì.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni Fámúrewá ti ń sọ pé òun ló ni oko kòkó ọ̀nà Ìsẹ̀. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun kì í gbé ìjà lọ sí kóòtù, póòkà, ayò káàdì, làwọn fi ń parí rẹ̀. Ó mọ̀ pé obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kò ní fọwọ́ kan káàdì.

"Ẹ pín káàdì náà," ni Wúràọlá wí.

Gbénga pín méjì-méjì fún wọn, ó ṣí mẹ́rin sáàárín tábìlì. Ó ku ẹyọ kan tí wọn yóò ṣí kẹ́yìn. Wúràọlá gbé méjì tirẹ̀ sókè, ó wò wọ́n pẹ́, ó dojú wọn délẹ̀.

"Mo fi ilé mi kún oko," ló wí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ilé tiyín náà kún un, tàbí kí ẹ jáwọ́ nínú oko mi títí láé."

"Ulé? Ulé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́?"

"Òun náà ni."

"Ìyàwó, jẹ́ ká ṣí ti ìkẹyìn wò ná."

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́. Èmi ni mò ń gbé omi wá fún yín nígbà tí ọkọ mi máa ń sọ ọ́: tí káàdì ọwọ́ ẹ bá dára, má jẹ́ kí wọ́n rí èyí tó kàn lọ́fẹ̀ẹ́."

Fámúrewá wo kíńgì méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Wúràọlá. Wúràọlá kọjú sí i, kò ṣẹ́jú.

"Ìyá Ìjọ nìyí o," ni Gbénga rọra sọ. "Wọn kì í purọ́."

Fámúrewá ju káàdì sílẹ̀. "Máa mú oko ẹ lọ!"

Wúràọlá ti dìde nígbà tí Gbénga ṣí káàdì tó fi sílẹ̀. Éésì méjì, tó ju kíńgì lọ.

"Mo mọ̀!" ni Fámúrewá ń pariwo. "Ṣé mi ò sọ? Mo rí i lójú ẹ̀!"

Wúràọlá kò bojú wẹ̀yìn, ó ń tọ ògiri lọ sílé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màámi, inú Bíbélì yín ni gíláàsì ojú yín wà láti àárọ̀," ni Máyọ̀wá ọmọ rẹ̀ wí bó ṣe nà án sí i lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ̀yin tí ẹ ò lè dá ojú èmi gan-an mọ̀ láìsí i!"