Àdúrà fún Arìnrìn-àjò Kan

Ìyá Aránṣọ ló máa ń darí àdúrà fún Ìjọ àti gbogbo ayé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lónìí, ó ti gbàdúrà kí ogun tán láyé, kí òjò rọ̀ sóko, kí ara àwọn aláìsàn yá.

Ó wá kan àwọn arìnrìn-àjò. Gbogbo ìjọ sorí kodò.

"Ẹ bá mi bẹ Olúwa, kí ọkọ mi padà wálé."

Wọ́dìn ìjọ fà á láṣọ. "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Fíkà ìjọ wa náà ti bá yín sọ ọ́. Ẹni tó bá lọ irú ìrìn àjò yẹn kì í padà. Ẹ gba kámú."

"Mi ò gba kámú o! Ẹnu mi ni mo fi ń gbàdúrà, kì í ṣe tiyín."

Ó gbóhùn sókè, àwọn ẹyẹlé orí àjà fò.

"Olúwa, dá ọkọ mi padà!"

"Àmín!"

Bàbá arúgbó kan ló dáhùn lága iwájú, òun nìkan ṣoṣo.

Nígbà tí ìyá padà wá jókòó tì í, bàbá náà sọ sí i létí pé, "Màmá, ẹ má mikàn. Ọkọ yín á dé."

Bọ́tìnì ọrùn tí ìyá ti bá a dè nílé láàárọ̀ ti tú; ó tún bá a dè é.

"Àmín, ọkọ mi."