Ampilifáyà Tí Kì í Fi Kún Ọ̀rọ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Akihabara. Agbohùnsétí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń dé sórí kí wọ́n lè gbọ́ orin láìdí aládùúgbò lọ́wọ́. Shigeno lobìnrin náà ń jẹ́. Orihara, tó máa ń kí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, béèrè ohun tó fẹ́ rà.

"Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi ni mo fẹ́ rí," ni Shigeno wí. "Bí ọwọ́ wọn bá dí, màá dúró."

Kuramochi ti lo ogún ọdún nídìí títa agbohùnsétí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé etí rẹ̀ mú, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín àwọn oníbàárà sí: àwọn tó ń gbọ́ràn, àwọn tó rò pé àwọn ń gbọ́ràn, àti àwọn obìnrin. Ó wo aṣọ dúdú yẹn, ó wo báàgì tó ti gbó létí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Fún ọkọ ni àbí fún ọmọ?"

"Fún etí tèmi ni."

"Irú orin wo lẹ máa ń gbọ́?"

"Kì í ṣe orin." Shigeno yọ fóònù rẹ̀. "Ohùn ọkọ mi ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Kuramochi tẹrí ba bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní opó mìíràn tún dé tó fẹ́ fowó ra omijé. Ó gbé ampilifáyà ńlá kan jáde, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè kó tó dé inú agbohùnsétí, tí gílóòbù mẹ́rin ń pọ́n lórí rẹ̀ bí ẹyin iná. Ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún yẹ́nì ni.

"Èyí máa ń sọ ohùn èèyàn di oyin. Ẹ máa rò pé wọ́n jókòó tì yín ni."

Shigeno gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan, ó bọ́ agbohùnsétí lórí. "Ó dùn. Mi ò fẹ́ kó dùn."

"Ẹ ò fẹ́ kó dùn kẹ̀?"

"Bó ṣe rí ni mo fẹ́ kó rí. Èyí ń bá wọn tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe."

Kuramochi ṣẹ́jú sí Orihara. Ó lọ gbé àpótí dúdú kan tí kò ju abọ́ oúnjẹ ọ̀sán lọ.

"Ọ̀kẹ́ méjì péré lèyí. Kò lẹ́wà, kò ládùn. Ohun tó bá gba ìhín wọlé náà ló ń gba ọ̀hún jáde, kò fi kún un, kò yọ nínú ẹ̀. Àwọn ahun ló ń rà á jù."

"Òun gan-an ni mò ń wá."

Ó ku agbohùnsétí tó máa bá a mu. Èyí tí Kuramochi kọ́kọ́ fi sí i ń dún gbìn-gbìn nísàlẹ̀. Shigeno ní ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Èkejì kéré, inú ihò etí ni wọ́n ń tì í bọ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ariwo ṣíì lábẹ́ ọ̀rọ̀. Inú bí Kuramochi, nítorí òótọ́ ni.

"Ìyẹn ti ń gbọ́ jù, màmá. Èémí ẹ̀rọ pàápàá, ó ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká lo èyí tó ń béèrè agbára díẹ̀ sí i."

Ẹ̀kẹta fúyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lu bí asẹ́. Shigeno dijú, ó sì gbọ́ ọ pẹ́. Kuramochi rọra ti páálí bébà ìnujú sún mọ́ ọn. Obìnrin náà kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀rọ yìí ò lè dá nǹkan sọ fúnra ẹ̀? Kí ẹnì kan má lọ sọ lọ́la pé irọ́ ló ń pa."

"Adití lẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbí, ó ṣẹlẹ̀."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Kuramochi rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ lé e. Shigeno fi í sínú báàgì.

"Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n ní etí yín ò láfiwé."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹni tó mọ̀ yín dáadáa."

Orí Kuramochi wú. Ó dé agbohùnsétí náà. Ohùn ọkùnrin kan ní òun ti dé ìlú Sapporo lọ́nà jíjìn, pé òtẹ́ẹ̀lì lòun wà, ó ti rẹ òun, òun á tètè sùn.

"Ẹ má bínú o, màmá, òtẹ́ẹ̀lì kọ́ nìyí," ni Kuramochi wí. Ó gbé ìka sókè bí olùkọ́. "Ilẹ̀ pákó ni, ó ń ké bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Omi ń hó lórí iná. Aago ojú irin ń dún, a jẹ́ pé ẹ̀bá ojú irin nilé náà wà, ilé àwọn tí ò rí owó ibòmíì san. Ẹ gbọ́ ilẹ̀kùn yẹn bó ṣe ń ha! Irú ọ̀lẹ ọkùnrin wo ló nílé tí kò lè ta epo sí ilẹ̀kùn?"

"Mi ò tíì rí wọn rí kó tó dòní," ni Shigeno wí. "Ẹ máa gbọ́ lọ, ó kù díẹ̀."

Kuramochi yí bọ́tìnnì ohùn sókè, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Láti yàrá kejì, obìnrin kan rọra ní kí olólùfẹ́ òun pa fóònù yẹn kó wá jẹun kí ọkọ òun tó ti Akihabara dé, ohùn náà sì ni ohùn ìyàwó tó sin Kuramochi dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.