Pákó Tó Ń Ké ní Kíótò

"Kò sí iwin Japan tó lè dẹ́rù bà mí," Láníyọnu fọ́nnu lẹ́nu ọ̀nà ààfin àtijọ́ kan ní ìlú Kíótò. "Wọn ò gbọ́ Yorùbá. Kí ni wọ́n máa fi pè mí?"

Abídèmí ìyàwó rẹ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí àkọlé ti wí. Láníyọnu kọ̀ jálẹ̀. Bàtà tuntun ni, olè ò sì mọ orílẹ̀-èdè.

Àwọn baba ńlá ibẹ̀ kan pákó ilẹ̀ ààfin náà lọ́nà tí á fi máa ké bí ẹyẹ bí olè bá tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú, àwọn àlejò yòókù ti lọ. Fíín, fíín, pákó ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n dúró.

Fíín. Ó tún ké, lẹ́yìn wọn.

"Ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹsẹ̀ mi rèé, Bàbá Tómi. Mi ò mira."

Láníyọnu fura. Àfi kó jẹ́ pé aṣọ́nà ló gbé ẹ̀rọ kan pamọ́.

Fíín. Ó ti sún mọ́ wọn.

"Àkànjí!" ohùn kan pè lẹ́yìn wọn.

Ìyá ìyá Láníyọnu nìkan ló ń ki í bẹ́ẹ̀, ìyá náà sì ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Abídèmí fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ẹ má dáhùn o! Ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú, á bá a lọ ni!"

Ṣùgbọ́n ẹnu tí ìyá àgbà ti kọ́ ò gbọ́ ìkìlọ̀. "Mà!" ti yọ jáde láàárín ìka rẹ̀.

"Bọ́ bàtà," ni ohùn náà wí.

Ó bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà sọ̀rọ̀ létí wọn:

"Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló ya."