Obìnrin Tí Ọkọ Mi Ń Dáàbò Bò

Obìnrin kan wà tí ọkọ mi kò fẹ́ kí ìyà jẹ.

Jọmílójú ni orúkọ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lójú fóònù Micah, kí n má baà purọ́ mọ́ ọn.

Géèmù ni ó ń gbá. Jagunjagun mẹ́rin ni ó ń darí, wọ́n ń bá iwin jà nínú igbó.

Ó fi orúkọ ara rẹ̀ pe ọ̀kan, ó fi ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Odogbolu pe méjì. Jọmílójú ni ìkẹrin, ẹ̀yìn àwọn yòókù ni ó máa ń fi í pamọ́ sí.

Èmi Mọ́ṣádé, ìyàwó rẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo bi í pé, "Kí ni ó tilẹ̀ dára nínú géèmù yìí?"

"Ó ń kọ́ni ní ìrònú. Bí o bá gbé ẹnì kan síbi tí kò yẹ, gbogbo wọn ni yóò jìyà rẹ̀."

"Kí ni kò dára níbẹ̀?"

"Ẹni tó bá ti kú kì í padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọmọbìnrin yìí."

Ó sọ ọ́ sí mi lójú!

"Ta ni Jọmílójú? Bí ẹ kò bá sọ, ilé bàbá mi ní Ibefun ni n ó sùn lónìí."

"Mọ́ṣádé, jọ̀ọ́, ní sùúrù di ọ̀la."

"Ẹ sọ ọ́ báyìí!"

"Orúkọ tí mo mú fún ọmọ wa ni."

Ìyá Micah ń gbé ọmọ tuntun wa bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́.

"Micah! Ọjọ́ kẹjọ kò tíì pé, o ti pe orúkọ ọmọ?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo bí i ni mo fi owú fa orúkọ rẹ̀ yọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la.