"Àwọn Ará Imoru Ti Rà Á": Irọ́ Tí Lábísí Pa fún Àwọn Àgbẹ̀ Kòkó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ẹ fẹ́ fi ọjà títà ṣe iṣẹ́, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà.

1.
Lábísí, ọmọ Rùfáì télọ̀ ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ni ẹni àkọ́kọ́ tó kàwé dé yunifásítì nínú ìdílé wọn. Lọ́dún 1981, bó ṣe parí àgùnbánirọ̀ báyìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fín kòkó gbà á síṣẹ́. Wọ́n gbé mọ́tò fún un. Ṣùgbọ́n máníjà là á mọ́lẹ̀ fún un ní oṣù kẹrin pé: "Tí o bá ta ọgbọ̀n pọ́ńpù kí oṣù kẹsàn-án tó parí, o ti di òṣìṣẹ́ wa. Tí o kò bá tà á, máa lọ sílé."

Rùfáì rán kóòtù tuntun fún ọmọ rẹ̀. "Lábísí, má dójú tì mí o."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí làwọn àgbẹ̀ mọ̀?"

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ!

2.
Idogun ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá Olúgbádé, olórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ibẹ̀, pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ. Lábísí sọ̀rọ̀ títí, wọ́n kàn ń wò ó ni. Ìwàǹwára mú un, ló bá parọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ń fà sẹ́yìn o! Àwọn ará Imoru ti ra ogún!"

Kò tíì fẹsẹ̀ kan Imoru rí láyé rẹ̀. Háà, Lábísí! Ó mọ̀wé, kò mọ̀ pé àna ni ìlú méjèèjì. Màmá Veronica, ìyàwó Bàbá Olúgbádé gan-an, ọmọ Imoru ni. Bàbá ní kí Lábísí padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ìyẹn, Bàbá lọ bá àwọn àna rẹ̀ sìnkú ní Imoru, ó sì béèrè pọ́ńpù yìí láti ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tó rí i rí.

Nígbà tí Lábísí padà dé tòun tẹ̀rín, wọn ò fún un ní àga.

"Ọmọ mi, ta ló ra pọ́ńpù ní Imoru? Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo."

Lábísí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ọjà rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Máa lọ. A ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Gbogbo oko tó bá dé, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ lo ta ogún ní Imoru?" Wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Oṣù kẹfà parí, kò ta ẹyọ kan. Máníjà gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa wọ bọ́ọ̀sì títí oṣù kẹsàn-án yóò fi pé.

Ó sunkún lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́wọ́ pé òun parọ́. Rùfáì gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Tí mo bá gé aṣọ oníbàárà ṣì, èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ sọ fún un. Orúkọ ta lo fi parọ́?"

"Imoru, Bàbá."

"Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ."

3.
Lábísí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Imoru, ó gbé pọ́ńpù lé itan. Ó kúnlẹ̀ níwájú Sylvanus, àbúrò Màmá Veronica.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi orúkọ ìlú yín parọ́. Ẹ dárí jì mí."

Sylvanus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyẹn! Ogún pọ́ńpù wa dà?"

"Ẹyọ kan ni mo gbé wá, mi ò sì ní tà á. Ẹ jẹ́ kí n máa fi bá yín fín oko."

Ó bọ́ kóòtù sílé. Ní gbogbo Sátidé ló ń gbé pọ́ńpù pọ̀n, tí oògùn ń kán sí i lára, títí èjìká rẹ̀ fi bó. Àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ wá fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì dúró wò ó. Nígbà tí òjò mú kí kòkó àwọn yòókù máa dúdú, kí wọ́n máa jẹrà lórí igi, ti Sylvanus ń dán gbinrin. Kí oṣù kẹsàn-án tó dé ìdajì, Imoru ti ra mẹ́tàdínlógún.

4.
Ó ku mẹ́tàlá, ó sì ku Idogun. Ṣé ẹ rí wàhálà? Ọ̀rọ̀ tó fi parọ́ ti wá di òótọ́, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́ mọ́!

Ó padà sí Idogun, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. "Bàbá, mo parọ́ fún yín. Ẹ má bínú."

Bàbá Olúgbádé wúkọ́, ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń gbọ́? Àwọn ará Imoru ti rà á. Mo dé oko Sylvanus fúnra mi, mo fojú rí i. Ẹ kọ orúkọ tèmi ṣíwájú!"

Màmá Veronica ho yèè. Pọ́ńpù méjìlélógún ni wọ́n rà lọ́jọ́ yẹn! Nígbà tí Lábísí délé wí, Rùfáì jó láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ sí títì, ó gbàgbé okùn ìwọn lọ́rùn. Lọ́dún 1983, Lábísí ti di ọ̀gá lórí gbogbo àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà tajà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tajà, mo ń kìlọ̀ fún yín: ẹ má dárúkọ oníbàárà tí ẹ kò ní. Ẹni tí ẹ ń parọ́ fún lè jẹ́ àna ẹni tí ẹ fi parọ́. Tí ẹ bá sì ti ṣì í sọ, ẹ tètè padà lọ kúnlẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ni Lábísí fi wá bí àwọn ará Idogun ṣe máa tún gbà á gbọ́, ìṣẹ́jú kan ló sì fi pa irọ́ náà.