Àwọn Mẹ́ta Ẹ̀yìn

Láníyọnu ń ṣọ́ ọgbà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n kó bàálù ogun àtijọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì rí. Bí ewu bá dé, ìjókòó àwọn awakọ̀ rẹ̀ méjèèjì lè ta wọ́n síta. Ti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó ń jókòó lẹ́yìn kò lè ṣe é. Irú bàálù yìí kan ti já sínú òkun rí.

Lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ kò-kò-kò nínú bàálù náà. Bó bá dúró tẹ́tí, kíkàn náà á dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin mẹ́ta jókòó, wọ́n kọjú sí ìrù bàálù, omi òkun ń kán lára wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀kan wí láìyíjú, "ṣé àwọn awakọ̀ wa ṣì wà níwájú?"

Láníyọnu tan iná síwájú. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àánú ṣe é ju ẹ̀rù lọ.

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá wa tilẹ̀kùn."

Ó rọra tì í.