Wọ́n Ní Kí Màmá Jókòó Sinmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá pa fóònù dé. Ẹ kà á tán. Ó máa rí yín lára bó ṣe rí mi lára, ṣùgbọ́n tí ìyá tàbí bàbá yín bá ṣì wà láyé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Aránṣọ ni màmá yìí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ara wọn sì le. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń wọn ìbàdí oníbàárà kan ni wọ́n á máa fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á tún bá aládùúgbò tó ń da omi ìdọ̀tí síwájú ìta wọn jà. Ẹnu wọn mú bí abẹ.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ó ń kọ́lé fáwọn olówó, Gbajúmọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Onídìrí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Nígbà tí ọwọ́ Gbajúmọ̀ ba nǹkan, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lójú.

"Màmá, ẹ̀ ń dójú tì mí. Ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn kiri bí ẹni tí kò bímọ!"

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni àbí ẹsẹ̀ ẹ?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ó sì fi máṣíìnì wọn tọrẹ. Kò bi wọ́n o! Ó kó wọn lọ sí yàrá kan lókè nílé rẹ̀, ó gbé wọn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

2.
Onídìrí ń gbé páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì wá ní gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀. "Màmá, ẹ máa jayé orí yín." Tí àwọn ọ̀rẹ́ màmá bá wá kí wọn, olùṣọ́ á ní wọ́n ń sùn, nítorí Gbajúmọ̀ ní ẹsẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ náà ń kó ìdọ̀tí sórí kápẹ́ẹ̀tì òun. Ẹ gbọ́ o: kápẹ́ẹ̀tì!

Màmá sanra, ẹsẹ̀ wọn wú. Etí wọn náà ń di, wọ́n á yí tẹlifíṣọ̀n sókè títí ilé á fi máa mì. Ẹnu tó mú bí abẹ yẹn ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́.

3.
Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ wọn. Gbajúmọ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó wá kọjú sí ọmọ.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ màmá ń ru. Ṣúgà ara wọn ti ń pọ̀ jù, etí wọn ò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló lè ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wá máa gbàgbé nǹkan. Mi ò lè búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ tá a bá tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ewu ẹ̀ máa dín kù. Kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n dín nǹkan dídùn kù, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí wọ́n máa rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà kan ń rìn yípo pápá tó wà lẹ́yìn ibí láràárọ̀, kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká sì bá wọn wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ràn."

Gbajúmọ̀ pòṣé. "Kí ìyá tèmi máa fi nǹkan sétí bí adití? Kí wọ́n máa bá àwọn tí ò rí já jẹ yí pápá po? Nọ́ọ̀sì, ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Màmá ń wo ẹnu àwọn méjèèjì. "Kí ni nọ́ọ̀sì wí?"

"Ó ní ara yín le, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó purọ́ fún ìyá rẹ̀ lójúkojú, nítorí pé wọn ò gbọ́! Mo sọ̀rọ̀ débí yìí, itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí ẹni tó fẹ́ bì. Ó ra oògùn náà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tán, kò sẹ́ni tó padà lọ gba òmíràn.

4.
Ọdún ń gorí ọdún. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ kan náà ní àbéèrètúnbéèrè. Wọ́n ń da iyọ̀ sí tíì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jáde sí títì pẹ̀lú yẹ̀rì nìkan. Kí ni Gbajúmọ̀ ṣe? Ó ti ilẹ̀kùn yàrá wọn láti ìta. Tí àlejò bá béèrè wọn, á ní wọ́n rìnrìn àjò.

Onídìrí dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo imú. Àga ti rin gbingbin fún ìtọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó dà sílẹ̀ ti gan mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, èèrà bò ó, ó sì ń gun ẹsẹ̀ màmá. Màmá kàn ń wo àwọn èèrà náà.

Ẹ má rò pé òórùn yẹn ló rí mi lára o. Àwọn tó fi ìyá wọn sínú ẹ̀ ni.

Ojú ti Onídìrí lọ́jọ́ náà. Ó wẹ ìyá rẹ̀, ó gbé wọn padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ń sunkún: "Ṣé wọ́n á ṣì padà bọ̀ sípò?"

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Mi ò ní tàn yín. Èyí tó ti lọ ṣòroó dá padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó kù. Dókítà gbọ́dọ̀ rí wọn lónìí."

5.
Onídìrí kó màmá lọ sílé ara rẹ̀. Gbajúmọ̀ wá kí wọn níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń dán. Màmá dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Ìyá ń pe ọmọ ní "ẹ"!

"Màmá, èmi ni. Ọmọ yín ni."

"Ẹ má bínú, sà, mi ò gbọ́."

Ó pariwo ẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa, sà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi kí ìyá yín."

Ẹ̀yin ọmọ, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi gbajúmọ̀ ṣíṣe ba ọpọlọ òbí yín jẹ́. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò lọ́la. Tí etí wọn bá ti ń di, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn wọlé. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ṣì lágbára, ẹ tọ́jú ara yín láti ìsinsìnyí. Tó bá ń tì yín lójú pé ìyá yín ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kójú tì.